Ọdún Tí Alhaji Mùkáílà Dé Abidjan

Kò dá Ràdíyàtù lójú pé bí òun ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ náà ni ó yẹ kí a máa kọ́ ọmọ. Ó dára kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nínú ìtàn yìí, òun nìkan ni nǹkan kò dá lójú. Gbogbo àwọn yòókù ni gbogbo nǹkan dá lójú ṣáká, pàápàá jù lọ ẹni tí a ó rí bí ó ti ṣe ṣubú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Ràdíyàtù. Treichville ní Abidjan ni wọ́n ti bí i, Ìgbòho ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, yunifásítì tó wà ní Cocody ni ó sì ti kọ́ nípa bí a ṣe ń kọ́ ọmọ. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ní àárọ̀ Sátidé, ó ń kọ́ ọmọ mẹ́tàlélógójì ní èdè Yorùbá nínú gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́ Àjùmọ̀ṣe Òkè-Ògùn ní Koumassi. Ọmọ àwọn oníṣòwò láti Ṣakí, Ìgbòho àti Ìsẹ́yìn ni wọ́n. Bí a bá sọ Yorùbá sí wọn, wọ́n á gbọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fèsì, Faransé ni yóò jáde, tàbí Júlà, tàbí èdè ìgboro tí òbí kankan kò gbọ́.

Ọ̀nà tí Ràdíyàtù là sílẹ̀ fún ara rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bá wúwo lè fi Faransé dáhùn, ó lè fi Júlà dáhùn, ó tilẹ̀ lè ya àwòrán. Lẹ́yìn náà ni gbogbo kíláàsì yóò pawọ́ pọ̀ bá a wá Yorùbá rẹ̀. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ yá yóò jókòó ti ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò yá. Ọmọ tí kò bá ríran dáadáa, iwájú ni yóò wà. Irú rẹ̀ ni Mubeenah, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí omi máa ń bọ́ lójú rẹ̀ bí ó bá ti ọ̀ọ́kán wo pátákó. Ràdíyàtù kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé: "Kì í ṣe kí gbogbo wọn gba ohun kan náà, bí kò ṣe kí kálukú gba ohun tí yóò gbé e dé ibi tí gbogbo wa jọ ń lọ." Nígbà tí ó kọ ọ́ tán, ó fi àmì ìbéèrè sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ràyhánà ni ó fa àmì ìbéèrè náà. Ọmọ ọdún méjìlá ni Ràyhánà, ẹnu rẹ̀ ló sì yá jù nínú kíláàsì. Ní ọjọ́ kan tí gbogbo wọn ti ń dúró láti ìgbà pípẹ́ kí ọmọ kan lè rí ọ̀rọ̀ sọ, Ràyhánà gbé orí lé tábìlì, ó ní, "Tantie, èmi ńkọ́? Ìgbà wo ni yóò kàn mí?"  Ràdíyàtù gbé ìbéèrè náà lọ sílé, ó bá a jẹun, ó sì gbé e padà wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e láìtíì rí ojútùú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá yà sọ́dọ̀ ẹni tí kì í gbé ìbéèrè lọ sílé.

Alhaji Mùkáílà, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Adjamé, ni Ààrẹ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ nínú ẹgbẹ́ náà. Ó sọ pé òun jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ó ní ọ̀pá tí ó máa ń mú dání bí àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ọ̀pá náà kì í kan ilẹ̀. Bí ó bá ń bọ̀ wá wo kíláàsì, àga rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Akọ̀wé rẹ̀, Sódìq, yóò tẹ̀ lé àga. Igbákejì rẹ̀, Gàfárù, tó jẹ́ bàbá Ràyhánà, yóò tẹ̀ lé Sódìq. Òun fúnra rẹ̀ yóò wá wọlé nígbà tí ó bá ti dá a lójú pé kò sí ọmọ tó ṣì jókòó. Bí Ààrẹ bá húkọ́, Sódìq yóò kéde pé, "Ààrẹ fẹ́ sọ̀rọ̀." Bí Ààrẹ kò bá wá sọ̀rọ̀ mọ́, Sódìq yóò kéde pé, "Ààrẹ ti tún un rò." Iṣẹ́ ti Gàfárù kò tó bẹ́ẹ̀: bí Ààrẹ bá dánu dúró láàárín ọ̀rọ̀, kí ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe tirẹ̀ láti wádìí bóyá ọ̀rọ̀ náà pa ẹ̀rín.

Ní oṣù kẹta ọdún, ẹgbẹ́ rán Ààrẹ lọ sí sẹ́mínà ọlọ́jọ́ méjì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Plateau. Équité ni wọ́n pe orí ọ̀rọ̀ náà: bí a ṣe lè kọ́ ọmọ láìfi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kìíní, Ààrẹ sùn láti ìgbà tí wọ́n jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán títí wọ́n fi pàtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó ya fọ́tò. Ó mú attestation kan, ìwé ẹ̀rí pé ó wà níbẹ̀, bọ̀, ó fi gíláàsì bò ó, ó sì ní kí wọ́n gbé e kọ́ síbi tí ojú gbogbo ọmọ ti lè tó o. Ibi kan ṣoṣo tí ojú gbogbo ọmọ ń tó nínú gbọ̀ngàn náà ni ibi tí pátákó ìkọ̀wé wà. Nítorí náà, wọ́n gbé pátákó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni Ààrẹ wí ní Sátidé náà, "kí n tó lọ sí Plateau, ẹ kò dọ́gba. Mo lọ, mo bọ̀, ẹ ti dọ́gba." Ó dánu dúró. Gàfárù rẹ́rìn-ín.

Àṣẹ àkọ́kọ́ jáde lójú ẹsẹ̀. Nítorí ìdọ́gba, ọmọ ọdún méje àti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yóò máa ka ojú ìwé kan náà ní ọjọ́ kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí ojú ìwé tuntun kí gbogbo ènìyàn tó parí ti àkọ́kọ́. Ojú ìwé kejìlá ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ ń kà á láìṣí ìwé, àwọn mìíràn ń kà á bí wọ́n ti ń wọ bàtà. Ààrẹ ròyìn fún ìpàdé pé gbogbo kíláàsì, láìku ẹnìkan, ti dé ibì kan náà. Òótọ́ sì ni.

Àṣẹ kejì ni pé kí ọ̀rọ̀ sísọ kárí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ kan ní ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Bí Ràdíyàtù bá béèrè pé kí ni wọ́n jẹ kí wọ́n tó wá, ọmọ kan á dìde, á ní "Mo". Èkejì á dìde, á ní "jẹ". Ẹ̀kẹta á dìde, yóò sì gbàgbé ohun tí ẹni àkọ́kọ́ jẹ. Nígbà tí Ràdíyàtù fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún Ààrẹ pé ohun tí ọmọ kan nílò lè yàtọ̀ sí ti èkejì, Ààrẹ fi sùúrù gbọ́ ọ. Ó ní ohun tí ó sọ yẹn gan-an ni wọ́n sọ ní Plateau, àmọ́ pé ní Plateau wọ́n sọ ọ́ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àṣẹ kẹta, tó jáde ní oṣù kẹrin, ni ó mú wàhálà dání.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ní Koumassi, ó yẹ kí ẹ mọ bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń jókòó. Ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n fi ń jókòó, ìmọ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọrọ̀. Ọdún tí ìdílé ẹni dé Abidjan ni. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti dé kí Gáńà tó lé àwọn àjèjì jáde ní 1969, iwájú ni tirẹ̀. Àwọn tí Gáńà lé, àárín ni wọ́n wà. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa gbọ́ ìpàdé, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ sí i. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀. Àga àkọ́kọ́ ní ìlà àkọ́kọ́ ni Ààrẹ Mùkáílà máa ń jókòó sí, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ fún gbogbo ayé, cinquante-huit, ìyẹn ọdún 1958, ni ìyá òun pọn òun sẹ́yìn wọ Abidjan.

"Ìdọ́gba," ni ó wí níwájú ìgbìmọ̀, "kì í ṣe kí gbogbo ènìyàn jókòó síwájú. Iwájú kò gbà wá. Ìdọ́gba ni kí kálukú mọ ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ síbẹ̀." Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, bí àwọn bàbá ṣe ń jókòó ní ìpàdé ni àwọn ọmọ yóò máa jókòó ní kíláàsì. Ọgbọ̀n ọmọ ni bẹ́ǹṣì gbà dáadáa. Àwọn mẹ́tàlá tó kù yóò máa gbọ́ ẹ̀kọ́ láti fàráńdà. Tí ilé-ìwé bá sì wọlé ní oṣù kẹsàn-án, wọn yóò "lọ sinmi". Sódìq kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò sí ibi tí ó kọ ọ́ sí pé ìsinmi náà yóò parí.

Mubeenah, tó jẹ́ ọmọ ọmọ Ààrẹ, dúró sí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́, ibi tí ojú rẹ̀ ti gbé e dé tẹ́lẹ̀. Nimotou ni wọ́n kó sí ìkẹyìn àwọn ẹni ìkẹyìn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Nimotou. Yorùbá ni Fàwàsíyà ìyá rẹ̀. Moussa bàbá rẹ̀ jẹ́ Júlà, ọmọ onílẹ̀, tó ń wa wôrô-wôrô, takisí akérò, láàárín Koumassi. Nígbà tí Sódìq ń kọ ọdún dídé àwọn ìdílé, ó bi Moussa pé ọdún wo ni ó dé.

"Dé ibo?" ni Moussa béèrè. Yorùbá tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ dán mọ́rán.

"Abidjan."

"Abobo, nínú Abidjan níbí, ni wọ́n bí mi sí."

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Abobo náà."

Sódìq gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Ààrẹ. Ààrẹ húkọ́, ó tún un rò, ó sì pàṣẹ pé ẹni tí kò dé kò lè ní ọdún tí ó dé, ẹni tí kò sì ní ọdún kò lè ṣáájú ẹni tí ó ní. Moussa bi wọ́n léèrè bóyá kí òun kúkú lọ sí Ṣakí ní ọ̀sẹ̀ kan, kí òun padà, kí òun lè ní ọdún tòun. Ìgbìmọ̀ jókòó lórí àbá náà fún wákàtí kan. Wọ́n dá a lóhùn pé ó lè lọ, ṣùgbọ́n ọdún yìí ni yóò jẹ́ ọdún rẹ̀, ẹ̀yìn náà ni yóò sì wà.

Báyìí ni Nimotou ṣe bọ́ sí fàráńdà. Ní oṣù kejì ni ó tó sọ odindi gbólóhùn Yorùbá fún ìgbà àkọ́kọ́, tí gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ní oṣù kẹfà, òjò ń rọ̀, omi ń ta sí i lẹ́sẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ràyhánà, tí ojú ìwé kejìlá ti sú, gbé àga rẹ̀ súnmọ́ fèrèsé, ó ń sọ ohun tí wọ́n ń kọ́ sí i létí láàárín àwọn gíláàsì rẹ̀. Ràdíyàtù rí i. Kò mọ̀ bóyá àánú ni tàbí àìríṣẹ́ṣe, kò sì béèrè.

Ohun kan ṣoṣo ló kù kí àtẹ ìjókòó náà tó fìdí múlẹ̀. Wọ́n ti sọ ní Plateau pé kí a máa fi ti olùkọ́ ṣe, nítorí náà Ràdíyàtù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun rò ó. Sódìq padà wá bá a, ó sì fi ẹ̀rọ̀ sọ fún un pé Ààrẹ ti ṣàkíyèsí pé òrùlé gbọ̀ngàn náà ń fẹ́ àtúnṣe. Bí àtẹ kò bá rí ìfọwọ́sí, ó ṣeé ṣe kí àtúnṣe náà bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tí yóò parí. Bí Ràdíyàtù bá fọwọ́ sí i, ọmọ mẹ́tàlá yóò lọ. Bí kò bá fọwọ́ sí i, mẹ́tàlélógójì ni yóò lọ. Ó kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé rẹ̀, ó wò wọ́n títí. Ó ronú pé ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò fọwọ́ sí i. Ó tún ronú pé bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e wá fún un bí ìṣirò.

Ààrẹ ni ó fúnra rẹ̀ gbẹ́ ihò tí ó kó sí. Ó fẹ́ kí ìfọwọ́sí náà ní ọlá, ó sì pe gbogbo ìdílé sí ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹfà. Ọmọ kan láti ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò dìde, yóò fi Yorùbá sọ ọdún tí wọ́n dé. Nítorí pé ó fura sí ìdílé kan láti Boribana pé wọ́n ti fi ọdún mẹ́rin kún tiwọn, ó fi ẹ̀ka kẹsàn-án kún òfin ìjókòó: ẹnikẹ́ni tó bá parọ́ ọdún dídé yóò bọ́ kúrò nípò tó bá wà nínú ẹgbẹ́, ọmọ ìdílé rẹ̀ yóò sì bọ́ sí ìkẹyìn àtẹ. Ó ní kí Sódìq ka ẹ̀ka náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, nítorí bí ó ṣe dùn tó létí.

Ràdíyàtù tọrọ ohun kan. Ó ní ọmọ tí kò bá tíì lè sọ ọ́, ṣé kí ó mú àgbàlagbà ilé rẹ̀ wá, kí ó máa bi í ní ìbéèrè mẹ́ta bí wọ́n ti ń ṣe ní kíláàsì kí Ààrẹ tó lọ sí Plateau: nígbà wo lẹ dé, níbo lẹ sùn sí, ta ni ẹ ràn lọ́wọ́? Ààrẹ gbà. Ó ní ìdọ́gba nìyẹn, ó sì ní kí Sódìq kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló dá a lábàá.

Ní ọjọ́ Àìkú náà, gbọ̀ngàn kún. Mubeenah ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó dìde, ó di ọwọ́ méjèèjì mú lẹ́yìn, ó ní bàbá àgbà òun dé ní cinquante-huit ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, pé ó sunkún lórí afárá, pé ẹkún náà ni Yorùbá àkọ́kọ́ tí afárá náà gbọ́. Àwùjọ pàtẹ́wọ́. Ààrẹ gbé ọwọ́ sókè láti dá wọn dúró, ó sì gbé e sókè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi tún pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ yòókù tẹ̀ lé e, ìdílé kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi ku Nimotou.

Nimotou di ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ mú wọlé. Ìyá Sùwéébátù ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kẹ́tùlù àlùwàlá ni ó ti ń tà lọ́jà Koumassi láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó níbẹ̀ kò tíì mọ ọ̀nà Abidjan. Kì í wá sí ìpàdé. Kò sẹ́ni tó tíì ní kí ó wá rí. Àwọn kan nínú àwọn àgbà tó wà níwájú yí ojú sí òrùlé bí ẹni tó ń wo ibi tí àtúnṣe yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ààrẹ rí ìyá náà, ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì.

"Màmá Àgbà," ni Nimotou wí. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó wo Ràdíyàtù, Ràdíyàtù sì mi orí sí i. "Nígbà wo lẹ dé?"

"Ọdún tí wọ́n lé wa ní Gáńà," ni Ìyá Sùwéébátù dáhùn. "Ọmọ mẹ́ta ni mo kó lọ́wọ́, ìyá rẹ kò tíì sí nínú wọn."

"Níbo lẹ sùn sí?"

"Orí paálí, nínú ọjà. Kí n tó wá rí yàrá kan gbà ní Koumassi níbí, tó ní fàráńdà."

"Ta ni ẹ ràn lọ́wọ́?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ta ni kí òun kà, ta ni kí òun fi sílẹ̀? Orí fàráńdà náà ni gbogbo ẹni tó ń bọ̀ láti ilé máa ń kọ́kọ́ tẹ́ ẹní sí. Ó nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń pín ẹran fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá Sódìq, oṣù mẹ́ta, ó máa ń hanrun. Gàfárù yìí, ọ̀sẹ̀ méjì péré, kò fẹ́ràn ẹ̀fọn. Mùkáílà yìí, oṣù méje. Ọmọ dáadáa ni, ó máa ń bá òun gbá ilẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ti tán. Ràdíyàtù mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ fún Nimotou pé ó ti tó. Ó ku díẹ̀ kí ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti dákẹ́ láti oṣù kẹrin ń la ẹnu lọ síbi ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún un, Ràdíyàtù sì ti sọ fún ara rẹ̀ tipẹ́ pé bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, òun yóò dúró.

"Bàbá Ààrẹ ńkọ́?" ni Nimotou wí, "ọdún wo ló wá sí fàráńdà yín?"

"Ọdún tí ìlú yìí kọ́kọ́ gba ife bọ́ọ̀lù Áfíríkà," ni ìyá náà dáhùn láìronú. "Ọjọ́ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù padà dé gan-an ni. Gbogbo ayé wà lójú títì, wọ́n ń jó, wọ́n ń pariwo. Mùkáílà dé lórí ọkọ̀ akẹ́rù, àárín àpò àlùbọ́sà ni ó jókòó sí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó rò pé òun ni wọ́n wá pàdé. Ó dìde dúró lórí àlùbọ́sà, ó ń juwọ́ sí wọn. Nígbà tí ó délé, ó ní, 'Màmá, àwọn ará ìlú yìí mà mọ ènìyàn yẹ́ sí o.' Mi ò lè sọ fún un pé kì í ṣe òun. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe rò pé ìyá náà fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni. Ìtàn tí ó fẹ́ràn ni ó sọ. Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ó ń wojú kiri, ó ń wá ẹni tí yóò bá òun rẹ́rìn-ín, kò sì yé e ìdí tí gbogbo ènìyàn fi ń wo ilẹ̀.

Sódìq fi ìka kà á lábẹ́ tábìlì, láti cinquante-huit dé quatre-vingt-douze, ìyẹn 1992. Ìka rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀mẹta.

Ààrẹ dìde. Ó húkọ́. "Ààrẹ fẹ́ sọ̀rọ̀," ni Sódìq kéde, nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí ó yẹ kí ó ṣe.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni Ààrẹ wí, "dídé pín sí ọ̀nà méjì. Dídé ti ara wà, dídé ti ẹ̀mí wà. Màlúù náà lè dé ní ti ara. Ẹ̀mí mi ti wà ní Abidjan láti cinquante-huit, ó ń tún ọ̀nà ṣe, ó ń dúró de ara tí yóò wá bá a." Ó dánu dúró.

Gàfárù rẹ́rìn-ín. Kò ní ohun kan lọ́kàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà jáde sínú gbọ̀ngàn tó dákẹ́, ó sì ran àwọn tó wà lẹ́yìn. Ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀rín tiwọn ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó ń bọ̀ láti ìlà dé ìlà.

Sódìq gbé kálàmù sókè. "Ààrẹ, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ sínú àtẹ, ti ara ni tàbí ti ẹ̀mí?"

Moussa sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Alhaji, ọmọ ọdún méjìlá ni mí lọ́dún yẹn, mo wà lójú títì lọ́jọ́ náà. Mo rántí pé mo juwọ́ sí ẹnì kan lórí àlùbọ́sà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ kú àbọ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò ku ohun tí a lè ṣe ju kí wọ́n ka ẹ̀ka kẹsàn-án. Sódìq kà á lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ti kọ́ ọ. Alhaji Mùkáílà wo ìlà àkọ́kọ́, ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tirẹ̀. Ó rìn gba àárín àwọn àga lọ sẹ́yìn, ọ̀pá rẹ̀ sì kan ilẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, Moussa sún fún un. Ìyá Sùwéébátù bi ọmọ ọmọ rẹ̀ pé kí ni òun sọ, ṣé òun ṣi ọdún náà sọ ni?

Àga Ààrẹ kò ṣófo ju ìgbà tí a lè fi ka ènìyàn mẹ́wàá. Gàfárù ti jókòó sí i. Ó húkọ́.

"Ààrẹ fẹ́ sọ̀rọ̀," ni Sódìq kéde.

Ààrẹ tuntun sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti ń rí ìwà ìrẹ́jẹ yìí tipẹ́, ó ti ń dun òun, ìyẹn ni òun ṣe ń fi ẹ̀rín bò ó. Ó ní àtẹ ìjókòó kò burú, àwọn ọdún inú rẹ̀ ni kò tọ́. Kí wọ́n máa ka ti ìdílé ìyá mọ́ ti bàbá. Kí Nimotou, tí ìyá àgbà rẹ̀ fún gbogbo wa ní fàráńdà, bọ́ sí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́. Kí Mubeenah, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka kẹsàn-án ti wí, bọ́ sí ìkẹyìn àwọn mẹ́tàlá. Àwùjọ pàtẹ́wọ́, àwọn kan tilẹ̀ dìde dúró. Sódìq fa ìlà, ó kọ orúkọ kan sókè, ó kọ èkejì sísàlẹ̀, ó gbé ìwé àti kálàmù wá síwájú Ràdíyàtù.

Mubeenah ti gbọ́. Ó jẹ́ ọmọ tó máa ń ṣe ohun tí wọ́n bá sọ. Ó ti bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ti kó ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó ń rìn lọ sí fàráńdà, ó ń fi ọwọ́ tọ́ ẹ̀gbẹ́ àga kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kọjá, nítorí pé omi ti bo ojú rẹ̀, a kò sì lè mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ojú tó ń dùn ún. Alhaji Mùkáílà wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n rí i tí ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ tí kò sọ ọ́.

Ràdíyàtù mú kálàmù. Ohun tí ó ti ń fẹ́ láti oṣù kẹrin ló wà níwájú rẹ̀: orúkọ Nimotou, lókè pátápátá, pẹ̀lú ọwọ́ akọ̀wé. Fàwàsíyà, ìyá ọmọ náà, ń fi aṣọ nu ojú. Bí ó bá fọwọ́ sí i, ọmọ tí wọ́n rẹ́ jẹ yóò wọlé, ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ yóò jìyà, gbogbo ènìyàn yóò sì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Bí kò bá fọwọ́ sí i, òrùlé wà níbẹ̀, Gàfárù pẹ̀lú sì ní ojú láti fi wo òrùlé. Ó ronú pé bóyá òun ń ṣe àṣejù. Ó ronú pé bóyá ìdájọ́ òdodo nìyí, pé òun kò kàn mọ̀ ọ́n rí ni. Ó wo bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́, Nimotou kò sí níbẹ̀. Nimotou ti tẹ̀ lé Mubeenah dé ẹnu fàráńdà, ó ń fi ibi tí omi kì í ti ta síni lẹ́sẹ̀ hàn án.

"Àǹtí," ni Gàfárù rọra wí, "ìdọ́gba nìyí o."

Ràdíyàtù fi kálàmù sílẹ̀ lórí ìwé náà. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Mi ò ní fọwọ́ sí i," ni ó wí. "Mubeenah, padà wá síwájú, ìwọ àti Nimotou, kí ẹ sì pe gbogbo àwọn tó wà ní fàráńdà wọlé. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ni èmi ń kọ́. Bí ẹ bá ti gbọ̀ngàn pa, a ó máa kẹ́kọ̀ọ́ lójú títì."